Àwọn Tó Wá Ra Àwo Lọ́wọ́ Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ tèmi, kí ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín tètè rín in tán: mo ta àwo tánganran fún àwọn àgbà tó wá túfọ̀ ìyá mi fún mi. Mo tún bá wọn fi bébà wé e dáadáa.

Ọdún kejì tí a gba òmìnira ni. Uwani là ń gbé ní Enugu, èmi àti Ìyàndá ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní réluwé. Èmi ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan lójú Ogui Road. Alfred ni ọ̀gá wa níbẹ̀, òfin rẹ̀ kò sì ju méjì lọ: kí o máa rẹ́rìn-ín sí kọ́sítọ́mà, kí o má sì jókòó. Ẹ̀rín kò nira fún mi. Èjí wà lẹ́nu mi, mo sì fẹ́ kí aráyé máa rí i. Ìdúró ni wàhálà, nítorí irú ìdí tí Ọlọ́run fún mi yìí, ìjókòó ló dá a fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ojúọlá tí a jọ ń gbé ilé kan náà bá mi pọn omi ìwẹ̀. Obìnrin tí kì í kí mi láìkọ́kọ́ bú ìdí mi! Ó gbé omi kalẹ̀, ó ní, "Sàbúrátù, pẹ̀lẹ́ o."

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ kí ni? Ṣé mo ṣubú ni?"

Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ìyàndá ti jáde láìjẹun, kò wo ojú mi. Ìyá mi sì ti wà lórí àìsàn ní Ọ̀fà láti bí oṣù kan. Ojoojúmọ́ ni Ojúọlá ń bi mí pé, "Ìyá ńkọ́?" Lọ́jọ́ yẹn, kò béèrè.

Mo mọ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní mọ̀? Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì là á mọ́lẹ̀, ohun tí wọn kò bá sì tíì sọ, mo ní kò tíì ṣẹlẹ̀. Ojúọlá ní kí n yà nílé Alfa Sírájúdéènì, àgbà àwa Yorùbá ní Uwani, pé ó ń béèrè mi. Mo ní mo ti pẹ́. Mo kun pàúdà, ó di ibi iṣẹ́.

Gbogbo ara mi dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí tí ẹsẹ̀ náà fi kú tipiri. Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ta ṣẹ́ẹ̀tì, mo ta àtùpà, mo sọ fún ìyàwó tíṣà kan pé aṣọ búlúù yẹn yẹ ẹ́ ju ti pupa lọ. Ẹ̀rín náà ń lọ fúnra rẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Enugu, tí ẹni tó gùn ún kò wà á mọ́.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Alfa wọlé, òun àti Bàbá Bùsàrí télọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Káńtà gbé mi mì.

"Níbo ló wọlẹ̀ sí?" Bàbá Bùsàrí ń wò yíká.

"Ìsàlẹ̀ níbí ni mo wà, bàbá. Ẹ káàárọ̀ o."

Mo dìde. Alfa wúkọ́. "Sàbúrátù, jókòó, ọmọ mi."

A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà ní ìdúró, kó má baà ṣubú. Mo mọ ìyẹn náà. Mo rẹ́rìn-ín. "Wọn kì í jẹ́ ká jókòó níbí, Alfa. Kí lẹ fẹ́ rà?"

Wọ́n wo ara wọn. Alfred gbórí sókè lọ́ọ̀ọ́kán. Ojú ti àwọn bàbá láti kàn dúró gbagidi sínú ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni. Bàbá Bùsàrí nawọ́ sí ohun tó sún mọ́ ọn jù.

"Èyí ńkọ́?"

"Àwo ìlú òyìnbó ni, bàbá. Tí ẹ bá fi bu oúnjẹ, ìyálé àti ìyàwó kò ní jà mọ́."

"Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo ní."

"Ẹ ra méjì nígbà náà. Èkejì ń bọ̀ lọ́nà."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ohun tó gbé e wá, ó gbé ẹ̀rín mì. Mo wé àwo. Alfa béèrè bóyá a lè rí àga. Mo fi táwẹ́lì hàn án, ó sì rà á. Táwẹ́lì olódòdó pupa. Ẹ bá mi bi Alfa ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Alfa," Bàbá Bùsàrí sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ọkọ̀ Onitsha kò ní pẹ́ gbéra."

Mo gbọ́. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Onitsha la ń gbà lọ sí Ọ̀fà; bí mo bá bá ọkọ̀ yẹn lọ, n óò bá àdúrà ọjọ́ kẹjọ nílé. Bí n kò bá bá a lọ, àwọn ará àdúgbò ni yóò jókòó sípò ọmọ. Ṣùgbọ́n kí n tó lè lọ, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo gbé ago tíì kalẹ̀ níwájú wọn.

Ìgbà náà ni Alfred jáde láti ẹ̀yìn, ó gbé àga tirẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbọ́ Yorùbá kankan. Ojú àwọn bàbá ló ti ń wò. Ó gbé àga sẹ́yìn mi, ó fi pijin sọ fún mi pé kí n jókòó.

Mo jókòó. Àga ké.

Alfa kò pariwo. "Ìyá rẹ ti jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Wọ́n ti sin ín. Ó di ọjọ́ mẹ́fà lónìí."

Mo gbójú sókè. Ẹ̀rín ṣì wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, ó wà níbẹ̀. Ẹnu mi sì sọ ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá rajà tán: "Ẹ ṣé o, ẹ tún padà wá."

Bàbá Bùsàrí di àwo rẹ̀ mọ́ àyà.

"Alfa," ó ní, "ṣé ọmọ yìí gbọ́ ohun tí ẹ sọ?"