Ọjọ́ Tí Bunlert Gbé Ọmọ Rẹ̀

Nínú fídíò tí wọ́n ń fi hàn lára ògiri ilé ẹjọ́, Bunlert ń jó. Ó gbé Thawat ọmọ rẹ̀ lé èjìká, wọ́n ń yí gbọ̀ngàn tẹ́ńpìlì po, àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, agboòrùn funfun ń mì lókè orí ọmọ. Bàbá ń rẹ́rìn-ín débi pé gbogbo eyín rẹ̀ hàn, títí kan àyè èyí tó ti ká.

Bunlert yìí kan náà ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń fọwọ́ ti ìbàdí kí ẹ̀yìn má bàa ro ó.

Lọ́yà ilé iṣẹ́ ìrẹsì dá fídíò náà dúró. Ó ní kí adájọ́ fojú ara rẹ̀ rí i: ọkùnrin tí àpò ìrẹsì já lé lẹ́yìn, tó ní òun kò lè gbé garawa omi mọ́, òun ló gbé géńdé yí tẹ́ńpìlì po lẹ́ẹ̀mẹta yìí. Fídíò náà ni wọ́n rí tí wọ́n fi dá owó gbà-má-bínú rẹ̀ dúró. Lọ́yà fẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ títí láé.

Samruai ni ìyàwó Bunlert; àbúrò rẹ̀ ló ya fídíò náà, tó sì fi inú dídùn gbé e sórí ayélujára. Láti ìgbà tí owó ti dúró, Bunlert kò rí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn gbà mọ́, Samruai sì ti ń lọ fọ abọ́ nílé olóúnjẹ.

Ọ̀dọ́bìnrin lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ wọn rò lọ́fẹ̀ẹ́ ti bẹ Bunlert títí. Ó ní kó ṣáà sọ pé àwọn èèyàn bá òun gbé e. Bunlert kọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ tó ń lọ gba ẹ̀wù mọ́ńkì, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, fún ìgbà òjò kan kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, ta ni ì bá sì gbé e bí kò ṣe bàbá rẹ̀? Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Ó rò pé ẹ̀yìn òun yóò ya lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọmọ fúyẹ́ bí ẹni gbé òwú. Iṣẹ́ rere tí ọmọ ń lọ ṣe nítorí àwọn òbí rẹ̀ ló sọ ọ́ di fífúyẹ́, kò sí àní-àní níbẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òun kò ní sẹ́ ẹ.

Adájọ́, ìyá arúgbó kan tó wọ awò ojú, pè é síwájú.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ yìí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ẹ̀yìn ò sì dùn yín?”

“Lọ́jọ́ yẹn, kò dùn mí rárá. Ọmọ náà fúyẹ́ ni, mà.”

Lọ́yà ilé iṣẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́yà tirẹ̀ fọwọ́ bojú. Samruai tẹjú mọ́ ilẹ̀, àánú ọkọ rẹ̀ sì ń ṣe é ju ìbínú lọ.

Ìgbà náà ni Thawat dìde láàárín àwọn èrò. Ó ti bọ́ ẹ̀wù mọ́ńkì lẹ́yìn ìgbà òjò, irun orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀, adájọ́ sì gbà fún un.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbé mi.”

Bunlert rẹ́rìn-ín. “Ta wá ni? Àǹjọ̀nú?”

Thawat kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè dá bàbá òun lẹ́kun, ni òun bá bẹ àwọn ọ̀rẹ́ òun méjì pé kí wọ́n rìn lẹ́yìn Bàbá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n ta aṣọ ìgbàdí pupa láàárín èjìká wọn, bí ìgbà tí wọ́n ń so jangirọ́fà fọ́mọdé. Inú aṣọ náà ni òun jókòó sí, ẹ̀wù funfun tí òun wọ̀ lọ́jọ́ náà sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ni òun gbé lé èjìká Bàbá. Òun kò ní in lọ́kàn láti sọ ọ́ láéláé.

Adájọ́ ní kí wọ́n tún fídíò náà fi. Afẹ́fẹ́ gbé etí ẹ̀wù funfun sókè díẹ̀, aṣọ pupa yọ, kókó rẹ̀ rọ̀ mọ́ èjìká ọ̀rẹ́ tó wà lápá ọ̀tún. Iṣan ọrùn ọ̀rẹ́ náà yọ síta, òógùn bò ó. Àìmọye ìgbà ni Bunlert ti wo fídíò yìí. Ojú ara rẹ̀ àti ojú ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń wò.

Adájọ́ jáde lọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò. Nígbà tó wọlé padà, ó ní kí wọ́n máa san owó náà lọ, kí wọ́n sì san èyí tí wọ́n ti dá dúró. Samruai bú sẹ́kún. Bunlert dúpẹ́, ó pa ọwọ́ pọ̀ síwájú orí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n jà lólè.

Wọ́n rìn lọ sí ìdí ọkọ̀. Àtẹ̀gùn ọkọ̀ akérò náà ga. Ó di irin mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń retí kí ẹ̀yìn já a jẹ, ara rẹ̀ sì kàn gòkè wẹ́rẹ́. Ó bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ Thawat méjèèjì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

“Ṣé mo wúwo?” Bunlert béèrè.

“Ẹ fúyẹ́, Bàbá.”

Irọ́ ni, bàbá sì mọ̀. Apá ọmọ náà ń gbọ̀n. Bunlert wò ó títí, lẹ́yìn náà ó fi gbogbo ara lé e lọ́wọ́, ó sì gbé ẹsẹ̀ kejì sókè.