Yàrá Tí Kò Ní Àga

Ìyá Onídìrí ti fi pọ́dà pa ojú tán, ó ti fi yẹtí sí etí ọ̀tún, ó wá ń fi ìka tó ti le gbagidi wá ihò etí òsì, nígbà tí ohùn ọmọ rẹ̀ tún jáde nínú fóònù tó gbé tì sára dígí.

“Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe látàárọ̀? Mo ní kẹ́ ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ ‘Wọlé’ sí.”

“Mò ń múra ni. Ṣé báyìí ni kí n ṣe rìn wọ àárín àwọn èèyàn?”

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Màámi, wọn ò rí yín o! Ohun tẹ́ ẹ bá kọ nìkan ni wọ́n máa rí.”

“Èmi á mọ̀ pé mi ò múra,” ni ìyá wí. Ibẹ̀ ni yẹtí ti wọlé.

Ẹ má rò pé obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan o. Ó mọ fóònù lò tó bó ṣe yẹ. Ó ń fi pe èèyàn, wọ́n ń fi pe òun náà, nígbà tí wọ́n bá rántí. Àmọ́ yàrá tí ọmọ rẹ̀ ń sọ yìí, tí àwọn onídìrí láti ibi gbogbo kóra jọ sí lórí ayélujára, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ síra wọn tí èsì sì ń dé lójú ẹsẹ̀, yàrá ṣì ni yàrá lójú tirẹ̀. Ní gbogbo ọdún tó fi dìrun, kò sí oníbàárà tó bá a ní ṣọ́ọ̀bù rí láìwọṣọ dáadáa, irun orí tirẹ̀ sì máa ń dán. Ta ló máa gbé orí rẹ̀ kalẹ̀ fún onídìrí tí irun tiẹ̀ rí wúruwùru?

Làkúrègbé ló da gbogbo ẹ̀ rú. Orí àtàǹpàkò ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bí eré bí eré, ó mú gbogbo ìka. Àwọn oníbàárà fara dà á fún ìgbà díẹ̀, torí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ìjókòó wá pọ̀ jù fún wọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ní ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ sáré dé. Kò bínú sí wọn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó kó ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, ó sì gbé nǹkan méjì péré wálé: àga oníbàárà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, tó ní tìmùtìmù pupa, àti àpótí gíga tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó lé lẹ́yìn àga náà. Wọ́n wà ní pálọ̀ níwájú dígí títí dòní. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti kú, tí àwọn ọmọ náà sì ti wáṣẹ́ lọ síbi tó jìnnà, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga yẹn mọ́.

Ká sọ tòótọ́, ìdánìkanwà ti fẹ́ pa á. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo tó máa gbọ́ nínú ilé ni tirẹ̀, nígbà tó bá ń bá omi orí iná jà pé kó tètè hó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ló ń wá. Kóun ṣáà sọ̀rọ̀ kí ẹnì kan dá òun lóhùn, ó tán.

“Màámi, mo ti kọ orúkọ yín síbẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni mo pè yín.”

Inú rẹ̀ dùn dé ẹsẹ̀. Báyẹn làwọn oníbàárà ṣe máa ń pè é nígbà kan, torí kì í fa irun èèyàn bí ẹni tó ń tu koríko. Ọmọ ní ó dàbọ̀, iṣẹ́ ń dúró de òun. Ìyá jókòó sórí àga oníbàárà, ó gbé fóònù lé itan, ó sì tẹ ‘Wọlé’.

Áà! Ariwo ló pàdé níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohùn kankan. Ọ̀rọ̀ ń yọ nísàlẹ̀, ó ń gun òkè, ó ń pòórá. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Òòyà Wúrà ń béèrè nǹkan, ẹni tó ń jẹ́ Aláròyé ń dá a lóhùn, ẹlòmíì ń fi Aláròyé ṣe yẹ̀yẹ́, Alága tó ni yàrá sì ń ní kí wọ́n rọra. Ìyá ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́: Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé o. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé dáadáa la jí? Ará ilé ńkọ́?

Ó fi ránṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí. Ìkíni rẹ̀ dúró díẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tì í sókè, òmíràn tún tì í, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ní káàárọ̀. Bóyá wọn ò gbọ́ ni. Ó tún un kọ. Alága ló wá fèsì: “Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, a ti rí i. Ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.”

Kò burú. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti Òòyà Wúrà, tí irun iwájú orí oníbàárà rẹ̀ kan ń já. Ẹ̀ẹ́! Èyí tí ìyá mọ̀ bí ẹni mowó! Ó tẹrí mọ́ fóònù, ó ń tẹ lẹ́tà: Ẹ má fà á le mọ́. Ẹ fi òróró pa á, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi. Kó tó fi ránṣẹ́, Òòyà Wúrà ti gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹlòmíì, ó ti dúpẹ́, ó ti lọ. Ọ̀rọ̀ onílé tó ni ṣọ́ọ̀bù Aláròyé ni wọ́n ń sọ báyìí, pé ó tún ti wá dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn. Ìmọ̀ràn ìyá wá lọ jókòó sábẹ́ ọ̀rọ̀ onílé.

“Ká fi òróró pa onílé?” ni Aláròyé kọ. “Ìyá, mo ti lọ gbé òróró o!”

Ẹ̀rín gba gbogbo yàrá. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sá lọ. Orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ, ibo ló fẹ́ lọ? Ó lè dákẹ́ títí wàá fi di ìlà kan tán kó tó sọ èyí tó kù, wàá sì ṣì wà níbẹ̀. Yàrá yìí ò ní àga. Orí ìdúró ni gbogbo wọn wà.

Nígbà tó yá, Aláròyé kígbe pé kí gbogbo wọn bá òun yọ̀: àbúrò òun obìnrin tó ti ń wá ọmọ látọjọ́ yìí ti sọ̀ láyọ̀, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ! Orí ìyá wú. Èyí kì í ṣe ohun téèyàn ń gbọ́ tó ń dákẹ́. Ó ní òun á yára lọ́tẹ̀ yìí. Kò gbé ojú sókè rárá. Lẹ́tà nìkan ló ń wò, ó ń tẹ̀, ìka ń ro ó, ó ń tẹ̀: Áà, inú mi dùn o! Ọjọ́ tá a ti ń retí ló dé yìí. Ẹ jẹ́ ká jó, ẹ jẹ́ ká yọ̀!

Ó fi ránṣẹ́. Ìgbà yẹn ló tó gbé ojú sókè.

Ọ̀rọ̀ tó wà lórí tirẹ̀ kì í ṣe ti Aláròyé. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Adákẹ́ ló kọ ọ́, ẹni tí kò tíì sọ nǹkan kan látàárọ̀. Ohun tó kọ ni: “Màámi kú láàárọ̀ yìí.”

Abẹ́ ẹ̀ gan-an ni ti ìyá wà. Inú mi dùn o. Ẹ jẹ́ ká jó.

Yàrá gbaná. “Kí lèyí?” “Irú èèyàn wo nìyí?” “Ìkà ni ìyá yìí o!” Alága ní, “Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ṣé orí yín pé? Ẹni tí kò bá lè bá wa rìn, kó jókòó sílé rẹ̀.” Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó ń ṣi lẹ́tà tẹ̀, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un tẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọmọ tuntun ni mò ń kí. Ṣùgbọ́n kó tó parí, wọ́n ti kẹ́dùn tán. Ẹ kú àráfẹ́rakù, Ọlọ́run á tù yín nínú, tẹ̀ léra tẹ̀ léra, gìrìgìrì, bí òjò tó ń kọjá lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan béèrè bóyá ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń gbẹ irun yẹn dára. Àárín ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni ẹ̀bẹ̀ ìyá bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Ojú tì í. Ojú tì í débi pé ó bọ́ yẹtí méjèèjì, bíi pé wọ́n ṣì ń wò ó. Ó pe ọmọ rẹ̀.

“Màámi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Yàrá ńkọ́?”

“Ó dáa.”

“Ṣé wọ́n dá yín lóhùn?”

“Wọ́n dá mi lóhùn.”

“Mo sọ fún yín!” ni ọmọ wí, inú rẹ̀ dùn, ó sì lọ.

Ìyá ki fóònù bọ abẹ́ tìmùtìmù àga. Ó gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí. Ó fọ ife tó mọ́. Ó ń bú ara rẹ̀ ní àgbàyà, ó ń ní òun ò tún tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ mọ́ láé, kí wọ́n máa bá yàrá wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Adákẹ́ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Oòrùn rọlẹ̀, ó ṣì ń rò ó. Màámi. Bí ọmọ tirẹ̀ ṣe ń pè é gan-an nìyẹn. Ẹni náà sọ ọ́, kò tún sọ nǹkan míì. Wọ́n kí i, wọ́n sì tì í sókè kó máa lọ, bí wọ́n ṣe ti ìkíni tòun náà. Ká ní ṣọ́ọ̀bù òun ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ̀ wá ni, kò ní dìde lórí àga títí á fi sunkún tẹ́rùn. Ìyá ní òun á kàn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni yẹn, òun á sì jáde. Ó yọ fóònù lábẹ́ tìmùtìmù, ó tún jókòó sórí àga.

Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Irú àkókò yẹn, gbogbo onídìrí ló ní orí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kankan ò gun òkè. Ó ń tẹ̀, ó ń gbé ojú sókè wò, ó tún ń tẹ̀. Wọ́n ti tan iná nílé kejì kó tó parí.

Adákẹ́, ọmọ mi, èmi ìyá tó kọ ìkọkúkọ láàárọ̀ nìyí. Ọmọ tuntun ni mò ń kí, ọwọ́ mi ni ò yá, ọ̀rọ̀ mi wá bọ́ sórí ọ̀fọ̀ ìyá rẹ. Forí jì mí. Mi ò mọ ìyá rẹ. Sọ̀rọ̀ wọn fún mi tó bá wù ọ́.

Ó fi ránṣẹ́. Kò sí ohun tó tì í sókè. Ó wà níbẹ̀ lóun nìkan. Ìyá ti ń wá ibi téèyàn ń gbà jáde nígbà tí àkọlé kékeré kan yọ nísàlẹ̀: Adákẹ́ ń kọ̀wé.

Ó rò pé èébú ló ń bọ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà,” ni Adákẹ́ kọ. “Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn ni mo wà nígbà tí mo rí ohun tẹ́ ẹ kọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n wà láàyè ni, wọn ì bá bá mi rín in. Láti ìgbà yẹn ni ojú ti ń tì mí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.”

Ìyá kà á, ó tún un kà. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Èmi àtiwọn nìkan la jọ ń gbé,” ni Adákẹ́ tún kọ. “Ilé ti wá dákẹ́ jù. Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?”

Ìyá Onídìrí gbójú sókè wo pálọ̀ tirẹ̀, ó wo dígí, ó wo ilẹ̀ tó ti gbá tán. Àwọn ìka alágídí yẹn rí lẹ́tà lójú ẹsẹ̀. Mo wà níbí.

Adákẹ́ ń kọ̀wé. Àkọlé náà lọ. Ó padà wá. Ó tún lọ. Ìyá mọ ìyẹn dáadáa. Ẹni tó ń wá ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ ni. Láti ẹ̀yìn ló ti máa ń rí i lára àwọn oníbàárà: èjìká á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á tún gòkè, kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Èèyàn kì í kán wọn lójú.

Ó wo ibi tó jókòó sí. Àṣé orí ìjókòó oníbàárà lòun ti wà látàárọ̀.

Ó dìde. Ó fi ọwọ́ gbá tìmùtìmù pupa náà, bó ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó sì gbé fóònù lé e. Ó wá yẹtí rẹ̀ rí, ó fi wọ́n sétí. Ó fa àpótí gíga sẹ́yìn àga, ó jókòó lé e, ó sì tẹjú mọ́ fóònù.

Adákẹ́ ń kọ̀wé.

“Rọra máa bọ̀, ọmọ mi,” ni ìyá wí. “Orí ẹ wà lọ́wọ́ mi.”