Tábìlì Àkọ́kọ́ Zoya

3.

…gbogbo ìlú Tashkent ló wá wo àfihàn fọ́tò mi. Ọlọ́pàá ń darí ọkọ̀ níta.

(Kò sí ọlọ́pàá. Àwọn kan tiẹ̀ yà wọlé torí òjò.)

4.

Fọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò yà fún ìdílé wa, èmi máa ń yà á. Èmi ni mo múra bíi bàbá bàbá mi nínú rélùwéè tó fipá kó àwa Kòríà wá síbí. Èmi náà ni sójà tó tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Èmi náà ni Uzbek, onílẹ̀ ibí, tó fún un ní búrẹ́dì. Ojú kan péré. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é láyé yìí.

5.

Ohun tí mo kọ sábẹ́ èyí tó tóbi jù:

TÁBÌLÌ ÀKỌ́KỌ́ ZOYA KHEGAI.
KÒ ṢẸLẸ̀.
Gera, ọmọ ẹ̀, ló tò ó.

6.

Tábìlì mẹ́ta ni wọ́n ń tẹ́ féèyàn lọ́dọ̀ wa: ọdún kan, níbi tí ohun tọ́mọ bá mú lórí ẹ̀ ti ń sọ irú ayé tó máa gbé; ìgbéyàwó; ọgọ́ta ọdún. Ẹni tí ò rí ti àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ jókòó sí méjì tó kù. Tó bá jókòó, ọmọ ẹ̀ ló máa kú.

Ọmọ kan ni Mọ́mì bí.

7.

Àǹtí Polina, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kọ̀wé sí mi lórí fóònù:

"Gera, mo rí fọ́tò náà lọ́wọ́ ọmọ Larisa. Ṣé wọ́n tẹ́ tábìlì fún Zoya ni? Ìyá ẹ̀ sọ fún wa pé oko àlùbọ́sà làwọn wà lọ́dún yẹn, àwọn ò tẹ́ ẹ. Torí ẹ̀ la ò ṣe tẹ́ ti ìgbéyàwó fún un. Àánú ẹ̀ ṣe mí. A máa ṣe ọgọ́ta ẹ̀. Sọ fún un kó rán aṣọ."

Ọmọ Larisa wá síbi àfihàn náà, ó fi fóònù ya fọ́tò mi, àmọ́ kò ya ohun tí mo kọ sábẹ́ ẹ̀.

8.

Mo fèsì: Ẹ ṣé, Mà.

9.

Mi ò mọ nǹkan kan lára.

10.

Ilé ìdáná. Mọ́mì ń wo fọ́tò náà lórí fóònù mi.

MỌ́MÌ: Ọmọ ta lèyí?
ÈMI: Ẹ̀yin ni.
MỌ́MÌ: Gera.
ÈMI: Ọmọ Nargiza, ìsàlẹ̀ ilé wa. Uzbek gidi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tábìlì náà tán.
MỌ́MÌ: Ọkùnrin tó gbé e ńkọ́?
ÈMI: Bàbá yín.
MỌ́MÌ: Bàbá mi ò ní irú etí yìí. Etí ìran bàbá ẹ nìyẹn.
ÈMI: Ẹ máa jókòó sí ti ọgọ́ta ṣá?
MỌ́MÌ: Ṣó o fẹ́ kú ni?
ÈMI: Èmi? Ikú gan-an ń sá fún mi.

(Ó ń gé kárọ́ọ̀tì lọ.)

MỌ́MÌ: Kí lọmọ náà mú lórí tábìlì?
ÈMI: Òwú. Ẹ̀mí gígùn.
MỌ́MÌ: Ó dáa.

11.

Ìwé ló mú. Èmi ni mo já a gbà, tí mo fi òwú sí i lọ́wọ́.

12.

ÌKÉSÍNI
Ẹ wá bá wa jẹun ọgọ́ta ọdún Zoya.
Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Fọ́tò tábìlì tí mo tò ni wọ́n tẹ̀ sójú ẹ̀.

13.

Ẹgbẹ̀rún èèyàn. (Ká ní ọgọ́rin.) Àkàrà ìrẹsì ga jù mí lọ. (Kò ga tó bẹ́ẹ̀.)

POLINA: Zoya, jókòó jàre. Orúnkún ń dun àwọn tó fẹ́ forí balẹ̀ fún ẹ.
MỌ́MÌ: Kí Gera kọ́kọ́ ya fọ́tò àga yẹn.
POLINA: Láìséèyàn níbẹ̀?
MỌ́MÌ: Kó yà á.

14.

Mo yà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ kámẹ́rà.

(Ẹ̀ẹ̀kan ni lóòótọ́.)

15.

Mọ́mì wá bá mi. Ó fa òwú yọ nínú àpò aṣọ tuntun ẹ̀, ó so ó mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Ó so ó le. Ó padà lọ dúró lẹ́yìn àga, kò jókòó.

16.

POLINA: Zoya.

17.

Fọ́tò àga náà:

[                    ]