Ihò Iwájú Ilé Alága

"Ẹni tó bá da yẹ̀pẹ̀ sínú ihò yẹn, èmi àti ẹ̀ ni!"

Olúsànyà, alága àwọn onílé àdúgbò kan ní Máfólúkù, ló sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé. Ihò tó ń wí, àwọn oníná ló gbẹ́ ẹ sáàárín títì, níwájú ilé rẹ̀ gan-an. Wọ́n ri wáyà tán, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Fákúnlé, bíríkìlà ará Ìkìrun tó háyà yàrá nílé alága, ló ti dábàá pé kí wọ́n ṣe ọ̀wẹ̀ ní Sátidé: kí onílé mú òkúta wá, kí ayálégbé mú ṣọ́bìrì. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀nà odò ṣe lábúlé nìyẹn?

Olúsànyà kọ̀ jálẹ̀, torí ó ti dé kánsù. Ó ní àwọn oníná ń san owó fún kánsù lọ́dọọdún, torí ojú títì ni wọ́n ń ri òpó àti wáyà wọn sí. Owó yẹn ni kánsù fẹ́ fi tún títì tí wọ́n bà jẹ́ ṣe, wọn yóò sì da ọ̀dà sí i látòkè délẹ̀.

"Bí ẹni tó ń bọ̀ wá wọn ihò bá dé tí kò bá ihò, òpópónà ẹlòmíì ló máa gbé owó náà lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ kó rí i!"

Ta ni yóò bá a jiyàn? Gbogbo ayé ló ń sọ pé owó epo rọ̀bì ti dé ọwọ́ ìjọba. Sìmẹ́ńtì kún ọkọ̀ ojú omi bámúbámú ní Àpápá, èyí tó máa dé Máfólúkù nìkan ni ojú ò tíì rí.

Oṣù Òkúdù wọlé, òjò dé, ihò di adágún tó gba gbogbo títì. Ará kánsù ò yọjú.

Inú ilé náà ni Adéjùmọ̀kẹ́, àkọ́bí Olúsànyà, wà. Oyún tó ti ń fi omijé tọrọ láti ọdún tó ti wọlé ọkọ ló gbé wálé wá bí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ò dá, ìrọbí mú un, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Fákúnlé sáré lọ sí Òṣòdì, ó mú takisí bọ̀, ṣùgbọ́n òdìkejì ihò ni dẹ́rẹ́bà ti dúró.

"Bàbá, mọ́tò mi ò lè wọnú omi yìí o!"

Wọ́n gbé Adéjùmọ̀kẹ́ sórí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ògiri, Fákúnlé níwájú, bàbá lẹ́yìn, omi dé ìbàdí wọn. Ẹrẹ̀ yọ̀ mọ́ Olúsànyà lẹ́sẹ̀, ilẹ̀kùn dojú dé, Adéjùmọ̀kẹ́ já sómi. Kí wọ́n tó fà á jáde, kí wọ́n tó dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ìyá yè," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọmọ ò yè. Ẹ ò ṣe tètè gbé e wá?"

Áà!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Olúsànyà bọ́ sẹ́yìnkùlé, níbi tó to búlọ́ọ̀kù tó fẹ́ fi kọ́ yàrá kún ilé sí. Ó ń fọ́ ọ, ó ń kó o dà sínú ihò. Fákúnlé mú ṣọ́bìrì jáde, ó dara pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, gbogbo àdúgbò jáde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí ará kánsù fi dé pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́.

"Bàbá, ihò dà?"

"Ó ti dí."

"Háà! Ta ló ní kẹ́ ẹ dí i? Wọ́n mà ti ya owó yín sọ́tọ̀!"

"Èmi ni," ni Olúsànyà wí. Ọkùnrin náà mi orí, ó ká téèpù rẹ̀, ó kọjá sí òpópónà kejì.

Lọ́jọ́ tí Adéjùmọ̀kẹ́ ń padà sílé ọkọ, wàrà ọmú rẹ̀ ti rin bùbá tó wọ̀. Bàbá rẹ̀ bá a gbé báàgì, kò lè wò ó lójú. Takisí tó wá gbé e gba orí ihò náà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.