Gíláàsì Mẹ́ta

"Ẹ fi imú kàn án kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò," àbúrò Onímú sọ, ó sì na gíláàsì náà sí i.

Bí ẹni pé ó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rán an létí. Onímú gba gíláàsì, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo àwọ̀ pupa rẹ̀, ó yí i po díẹ̀, ó sì ti imú bọ inú rẹ̀. Ó pa ojú dé. Ó rọra fa èémí wọlé, ó sì dá a padà. Gbogbo rẹ̀ pé pérépéré bó ti máa ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni òórùn. Ì báà jẹ́ bíà ló wà nínú gíláàsì náà, ì báà jẹ́ omi ẹ̀rọ, bákan náà ni ì bá rí ní imú rẹ̀.

Imú náà ti kú, ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ibà kan ló dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara yá, imú kò bá a dìde. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹ irun, ó ń fi sípíríìtì pa àwọn oníbàárà lọ́rùn láì gbọ́ òórùn rẹ̀. Oúnjẹ jóná lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àfìgbà tí èéfín ta á lójú ló tó mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ìwé ìròyìn ló gbà á lọ́kàn, ó sì jẹ́ kó máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ì bá ṣe sọ ọ́? Onímú ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Àwọn tó ń pọn bíà fúnra wọn ni ẹgbẹ́ ọ̀hún, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n sì máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Ẹni tó bá yọjú wò wọ́n láti ìta yóò rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà sórí gíláàsì. Bí Káfíńtà bá ní bíà dúdú kan ń rùn bíi kọfí, Dókítà Eyín a ní irọ́ ni, búrẹ́dì tó jóná ni, àwọn àgbàlagbà méjèèjì a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn létí. Onímú ló máa ń parí ìjà. Nígbà tí imú rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó lè sọ fún ọ pé ewé kíkorò tí o sè mọ́ ọtí ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ní yẹ̀.

Ní báyìí, ọgbọ́n ló fi ń gbé e. Ahọ́n rẹ̀ ṣì mọ kíkorò, ó mọ dídùn, ó mọ kíkan. Èyí tó kù, etí ló fi ń gbọ́ ọ. Onímú a jẹ́ kí àwọn yòókù kọ́kọ́ sọ tiwọn, a kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, a tún un tò, a sì fi ohùn àgbà dá a padà fún wọn. Wọn a máa mi orí, wọn a ní kò sẹ́ni tó tó o.

Ṣùgbọ́n lónìí, kò sí ẹnì kankan nínú yàrá ìpọntí yìí tó lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún un. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ni. Tíṣà ni wọ́n ṣì ń pe àbúrò náà nínú ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nítorí ọtí pípọn. Lọ́la ni obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ káàkiri ìgboro ń bọ̀ wá tọ́ bíà pupa Tíṣà wò nípàdé ẹgbẹ́. Bó bá fẹ́ràn rẹ̀, Tíṣà ti rí ẹni tí yóò máa tà fún. Bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, kíláàsì tó fi sílẹ̀ ti ní olùkọ́ mìíràn.

Tíṣà ń fi aṣọ nu ọwọ́ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀. "Ó ń ṣe mí bíi pé mo ń gbọ́ òórùn kan," ó ní. "Bíi páálí tí òjò pa. Kò pọ̀. Àfi bóyá afẹ́fẹ́ ráyè wọ inú àgbá."

Onímú tọ́ ọ wò. Ó korò, ó dùn díẹ̀. Ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ nìyẹn. Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Imú tìrẹ ló ti rẹ̀. Láti àárọ̀ lo ti ń kó ìgò sínú páálí, báwo ni o kò ṣe ní gbọ́ páálí? Mo gbọ́ èèpo ọsàn, mo gbọ́ ṣúgà tó jóná díẹ̀. Gbé e lọ."

"Ó dá yín lójú?"

"Ìgbà wo ni mo ti ṣì ọ́ lọ́nà rí?"

Ọkàn Tíṣà balẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdúpẹ́ yẹn dun Onímú wọ inú egungun, ṣùgbọ́n kò dùn ún tó ohun tí yóò fi sọ òótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Káfíńtà ti gbá ìyẹ̀fun igi kúrò nílẹ̀, ó sì ṣí gbogbo fèrèsé. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà wá. Wọ́n ti lé Dókítà Eyín padà sílé rí nítorí rẹ̀. Obìnrin onílé oúnjẹ náà jókòó. Ó tọ́ bíà dúdú Káfíńtà wò, ó mi orí pé ó dára. Ó tọ́ ti Dókítà wò, ó mi orí. Nígbà tó kan ti Tíṣà, ó gbé e sí imú, ó wò ó, ó tún gbé e sí imú. Kò mu ún. Ó rọra gbé gíláàsì náà kalẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fún òun lómi.

"Tíṣà, páálí wà nínú èyí o," Káfíńtà sọ, láìní èrò ibi kankan. Dókítà Eyín fi imú kan tirẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, páálí tútù gan-an ni. Gbogbo wọn wá kọjú sí Onímú, nítorí pé òun ló máa ń parí ọ̀rọ̀.

Àbúrò rẹ̀ náà ń wò ó. Bó bá ní kò sí páálí, wọn yóò mọ̀ pé imú ti kú. Bó bá ní òun ló ní kí ó gbé e wá, wọn yóò béèrè ìdí.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Páálí ni. Mo ti gbọ́ ọ. Mo kàn ń wò ó bóyá ẹ̀yin náà á gbọ́ ọ ni."

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Èèyàn ṣì lè wá àwáwí fún irọ́ àná. Bóyá ìtìjú ni, bóyá kò fẹ́ kí ọmọbìnrin náà bẹ̀rù. Ti òní yìí, ó fi àbúrò rẹ̀ gba ara rẹ̀ là ni, ó sì ṣe é lójú rẹ̀.

Tíṣà lọ sẹ́yìn pákó tí wọ́n fi ń bo gíláàsì nígbà tí wọ́n bá ń dán ara wọn wò: gíláàsì mẹ́ta, méjì nínú wọn á jẹ́ ọ̀kan náà, ìkẹta á yàtọ̀, ẹni tó ń tọ́ ọ wò á sì mú àjèjì jáde. Onímú ló dá eré náà sílẹ̀. Tíṣà bu ọtí sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì gbé wọn wá síwájú rẹ̀.

"Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú èyí tí kò ní páálí nínú."

Onímú gbé èkíní, ó gbé èkejì, ó gbé ìkẹta. Ó ń wo ojú wọn bóyá ẹnì kan yóò ṣèèṣì tọ́ka, ṣùgbọ́n gíláàsì ni gbogbo wọn ń wò. Òógùn bo imú tí kò wúlò náà. Nígbẹ̀yìn, ó fọwọ́ kan ti àárín.

"Èyí mọ́," ó ní. "Mo gbọ́ ọsàn nínú rẹ̀."

Káfíńtà na ọwọ́, ó gbọ́ òórùn ti àárín, ó gbọ́ ti àwọn méjì tó kù. Ó wá kọjú sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá igi kékeré kan kiri.

"Inú ìgò kan náà ni mo ti bu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," Tíṣà sọ. "Páálí ni gbogbo wọn."

Obìnrin onílé oúnjẹ náà mú báàgì rẹ̀, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, kò sì sọ pé òun yóò padà wá.

"Láti ìgbà wo?" Tíṣà béèrè.

"Láti ìgbà ibà yẹn."

"Ẹ̀yìn ibà yẹn ni mo gbé ọtí mi àkọ́kọ́ wá bá yín nílé. Ẹ ní irú rẹ̀ kò sí. Ẹ ní kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òórùn kí lẹ gbọ́ lọ́jọ́ náà?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wù mí kí inú rẹ dùn ni."

Òótọ́ nìyẹn náà, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Dókítà Eyín fẹ́ fi Tíṣà lọ́kàn balẹ̀ pé àwọn ọtí rẹ̀ ìṣáájú dára. Ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé gbogbo ìgbà ni Onímú ti máa ń yin ọtí náà sí wọn létí kí wọ́n tó ṣí ìgò. Tíṣà rí ẹnu tó pa dé yẹn, ó sì yé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Onímú lọ bá a nílé. Káfíńtà pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì kí i pé, "Ẹ káàsán, sà," bí ẹni tó ń kí àlejò.

Tíṣà ń yí àgbá ọtí tó bàjẹ́ lọ sí ẹnu gọ́tà. Àgbá náà wúwo, Tíṣà sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá òun gbé ìdí rẹ̀ sókè, nítorí kò ní ẹlòmíràn. Bíà pupa náà ṣàn lọ. Obìnrin kan tó ń kọjá fi ọwọ́ bo imú. Onímú dúró létí gọ́tà náà gan-an, ó fa èémí títí àyà fi dùn ún, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bẹ Tíṣà. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Tíṣà tẹ́tí sí i bí olùkọ́ ṣe ń tẹ́tí sí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ó sì wọ inú yàrá ìpọntí lọ, Onímú tẹ̀ lé e.

Àgbá kan ṣì wà níbẹ̀ tí kò tíì ṣí, bíà dúdú tó pọn kẹ́yìn. Ó ṣí i, ó bu gíláàsì kan. Ọwọ́ Onímú ti nà síwájú bó ti máa ń ṣe, kó tó rántí, kó sì ká a padà. Tíṣà ti imú bọ gíláàsì náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó mu díẹ̀, ó fi ìdí gíláàsì ti àyà, ó tún gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Báwo ló ṣe rí?" Onímú béèrè. Kò bi í ní ìbéèrè yẹn rí láti ọjọ́ tó ti ń pọntí.

Tíṣà mu èyí tó kù. Ó ṣan gíláàsì náà, ó sì da ojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí aṣọ kó lè gbẹ.

"Mo ti mọ bó ṣe rí," ó ní.

Onímú ń retí kó fi nǹkan mìíràn kún un. Tíṣà ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde kí òun lè ti ilẹ̀kùn.