Kọnẹ́tọ̀ Tí Kò Ní Ìdè

Ìdè náà tún bọ́.

Ó lu ẹsẹ̀ àkàbà, ó sì yí lọ sábẹ́ àga. Ẹ̀kẹta nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí. Barnabas Àkànó wà lókè àkàbà. Ó fi ọwọ́ òsì di igi àjà mú. Tẹ́sítà tó fi ń yí ìdè, súkúrù kékeré tó ń di wáyà mú nínú kọnẹ́tọ̀, wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n orí tẹ́sítà náà kò dúró sójú kan.

"Ẹ jẹ́ n bá yín mú un," Fọláránmi wí láti ìsàlẹ̀.

"Fi í sílẹ̀. Mo ní òmíràn lápò."

Kò ní òmíràn lápò.

Ilé àlùfáà ni wọ́n wà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan nílùú Iléṣà. Àlùfáà tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Fọláránmi sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń tún ilé náà ṣe. Barnabas ti ń ṣiṣẹ́ iná láti ọdún méjìdínláàádọ́ta. Òun ló fa wáyà ilé tí wọ́n bí Fọláránmi sí. Àpótí ìsopọ̀ mẹ́rìndínlógún, níbi tí wáyà ti ń pàdé, ló wà lókè àjà ilé àlùfáà yìí. Ó ti parí márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é. Láyé ìgbà kan, ọjọ́ méjì ni ì bá fi parí gbogbo rẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Fọláránmi mú ìdè náà lábẹ́ àga, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, ìgbìmọ̀ ṣèpàdé lánàá. Wọ́n ní kí n béèrè bóyá kí a wá ẹni tí yóò bá yín parí ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?"

"Mo ní ẹ máa parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ yín, Bàbá."

Barnabas ki ọwọ́ náà bọ àpò.

"Fún mi láàyè di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Tí mi ò bá parí ẹ̀, pe ẹni tó bá wù ọ́. Mi ò ní bínú."

"Ẹ máa bínú o. Mo mọ̀ yín."

"Mi ò ní jẹ́ kí o rí i."

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Barnabas kò tíì wọ bàtà tí ọmọ rẹ̀ Wúrà fi wọlé. Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ló ń gbé. Níbẹ̀ ló ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ iná ṣe. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó kúnlẹ̀, ó sì gbé ike kékeré kan sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàámi."

"Ta ló pè ọ́?"

"Mo ní ẹ káàárọ̀."

"Mo gbọ́. Ta ló pè ọ́?"

"Èmi ni," Julianah ìyàwó rẹ̀ wí láti àgbàlá, níbi tó ti ń sá aṣọ. "Kí ẹ wá fi mí sẹ́wọ̀n, Bàbá Wúrà."

Wúrà ṣí ike náà. Ó mú kọnẹ́tọ̀ méjì jáde, ohun tí wọ́n fi ń so wáyà pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó páálí ìṣáná. Ó fi ọ̀kan lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹnu nǹkan náà là.

"Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ wá jọ̀wọ́ ẹ̀yìn."

Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹnu náà padé mọ́ wáyà. Ó fà á, kò yọ. Ó tún fà á.

"Kò ní ìdè."

"Kò ní. Ẹ ò nílò tẹ́sítà. Idẹ pẹlẹbẹ ni mo tẹ̀, mo fi ṣe sípíríǹgì."

"Irú èyí wà lọ́jà."

"Mo ra wọ́n, mo tú wọn wò. Àwọn ayédèrú ń jó. Àwọn tó dáa kéré jù, ìka méjì péré lèèyàn fi ń ṣí wọn, ìka náà sì gbọ́dọ̀ dúró sójú kan." Ó wo ilẹ̀. "Ọwọ́ yín ni mo fi wọn èyí."

"Ọwọ́ mi? Nígbà wo lo wọn ọwọ́ mi?"

"Ní ọdún Àjíǹde. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà yín tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mo fi wọ̀n ọ́n."

Barnabas yí kọnẹ́tọ̀ náà wò.

"Mo gbé tíì fún yín lọ́jọ́ náà," Wúrà wí. "Ẹ ò fọwọ́ kàn án. Ẹ ń dúró kí n jáde kí ẹ tó gbé ife."

Julianah ti dáwọ́ aṣọ sísá dúró. Oṣù mẹ́fà ni ọkọ rẹ̀ ti ń sọ fún un pé ebi ló ń gbọn ọwọ́ òun. Ó sì ti ń fún un lóúnjẹ.

Barnabas dìde. Ó wọ yàrá, ó gbé áyọ́ọ̀nù jáde, ó sì fi púláyà gé wáyà rẹ̀ láàárín.

"Bàbá Wúrà! Áyọ́ọ̀nù mi nìyẹn o!"

"Mo rí i."

Ó fi kọnẹ́tọ̀ méjèèjì so wáyà náà padà. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó bọ́ sílẹ̀. Iná wà. Ó tan áyọ́ọ̀nù náà, ó sì fa àga sún mọ́ ọn. Wúrà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó jókòó nínú wọn.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí òórùn ìjóná fi jáde. Wúrà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ pa iná, ó fa wáyà kan. Ó yọ wọ́ọ́rọ́.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é," Wúrà wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Jókòó."

Ó jókòó.

"Kí ló ń gbé iná nínú ẹ̀?"

"Idẹ yẹn."

"Kí ló ń di wáyà mú?"

"Idẹ yẹn náà ni."

"Ohun tó bá ń gbé iná á gbóná. Tí sípíríǹgì bá gbóná, á dẹ̀. Tó bá dẹ̀, kò ní lè di wáyà mú mọ́. Iṣẹ́ méjì lo gbé fún ẹyọ kan, Wúrà."

Wúrà wo kọnẹ́tọ̀ náà títí.

"Ẹnu rẹ̀ dára," bàbá rẹ̀ wí. "Ẹ̀yìn tí mo tẹ̀ yẹn dára. Mi ò rí i kí èèyàn ṣe ohun tó mọ ọwọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ nìkan la máa tún ṣe."

Ó jáde lọ sí àgbàlá. Ó yọ pẹ́ẹ̀gì kan lórí okùn aṣọ. Ìró Julianah já sílẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀!"

"Tún un fọ̀. Màá bá ẹ pọn omi."

"Ẹ̀yin? Omi? Mo ti gbọ́. Wúrà, o gbọ́ o."

Barnabas tú pẹ́ẹ̀gì náà, ó yọ sípíríǹgì inú rẹ̀, ó sì jù ú sórí itan ọmọ rẹ̀.

"Irin ni. Kí ó máa tẹ wáyà, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Wá bàbà pẹlẹbẹ kan sábẹ́ rẹ̀ tí yóò máa gbé iná. Tí irin bá ń tẹ wáyà mọ́ bàbà, iná á gba inú bàbà kọjá. Irin ò ní gbóná."

Wúrà ti ń wá púláyà.

Bàbà wà ní yàrá ẹ̀yìn, lára àwọn súwíìṣì ńlá tí Barnabas ti yọ nílé onílé láti ọjọ́ pípẹ́. Wúrà gé e, ó sì fi fáìlì irin ha á. Barnabas ń sọ ibi tó yẹ kó nípọn. Tí wọ́n bá ṣe ọ̀kan tán, wọ́n á gbé e fún Julianah. Òun ni wọ́n ní kó fi áyọ́ọ̀nù dán an wò, nítorí ó ní kò sẹ́ni tó tún máa jó áyọ́ọ̀nù òun níṣojú òun. Ó lọ ṣòkòtò mẹ́ta àti ìró tó fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Barnabas fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan kọnẹ́tọ̀ náà. Kò gbóná.

"Ó ti tó," ó wí.

Kọnẹ́tọ̀ méjìlélógún ni wọ́n nílò, sípíríǹgì méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Julianah gba ọjà lọ láti ra pẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó tà á fún un béèrè bóyá ó ti dá ilé ìfọṣọ sílẹ̀. Ó ní ọkọ òun ló dá a sílẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Barnabas tún gun àkàbà. Wúrà fẹ́ gùn ún. Bàbá rẹ̀ ní rárá. Ó bó rọ́bà orí wáyà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ kọnẹ́tọ̀ mọ́ igi àjà, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Láàárín wákàtí méjì, ó parí àpótí mẹ́ta.

Fọláránmi wọlé nígbà tí wọ́n fẹ́ tan iná wò. Gílóòbù pálọ̀ tàn. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàn. Ti yàrá àlùfáà ṣẹ́jú, ó kú, ó tún ṣẹ́jú.

Fọláránmi wo gílóòbù náà, ó wo Barnabas, ó sì wo ilẹ̀.

Wúrà ti pa iná, ó ti dé òkè àkàbà. Ó ṣí àpótí náà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Kí lo rí?" bàbá rẹ̀ béèrè.

"Sípíríǹgì kan ni kò dáa, Bàámi. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jẹ́ n pààrọ̀ rẹ̀."

"Mú un wá."

"Mo ti fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ tán."

"Wúrà. Mú un wá, tòun ti wáyà."

Ó gé wáyà náà, ó sì mú un sọ̀ kalẹ̀. Barnabas wọ awò ojú. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ibi tí irin ti tẹ̀ ẹ́ hàn lára wáyà náà. Ara rọ́bà ló wà, kì í ṣe ara bàbà.

"Mo bó o kúrú jù," ó wí.

Wúrà yíjú sí àkàbà.

"Sọ ọ́."

"Ẹ bó o kúrú, Bàámi. Bí ẹ ṣe kọ́ mi náà nìyẹn. Ẹ ní kí bàbà má yọ síta rárá, pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu èyí jìn ju ti onídè lọ."

"Kí ló dé tó o fi ní sípíríǹgì ni?"

Ó rọra fi ojú tọ́ka sí Fọláránmi.

Barnabas yọ awò ojú. Wúrà kò tíì gbọ́ kí bàbá rẹ̀ sọ fún oníbàárà rí pé òun ṣe àṣìṣe. Bóyá kò tíì ṣe é rí. Bóyá kò sì sọ ọ́ ni.

"Alága," ó wí, "èmi ni mo ṣì í ṣe. Iṣẹ́ ọmọ mi dára."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀."

"Rárá o. Ìwé ìpàdé wa ti kún."

Barnabas rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Wúrà ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì gbé wáyà lé orí èékánná.

"Ṣé bí èyí ṣe gùn tó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Bẹ́ẹ̀ gan-an."

Àtàǹpàkò yẹn ló fi wọn gbogbo ìyókù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Fọláránmi ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń tan iná, ó ń pa á. Kò sí èyí tó ṣẹ́jú. Ó padà wá sí pálọ̀. Barnabas jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, Wúrà sì ń gbálẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ kan. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tó wà ní Itagunmodi. Yàrá mẹ́jọ ni. Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ kí ẹ fa wáyà ibẹ̀."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Barnabas ì bá ti dáhùn kí Fọláránmi tó pa ẹnu dé. Ó wo òkè àjà. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Bá Wúrà sọ̀rọ̀."

"Wúrà?"

"Òun ni kí ẹ gbé e fún."

Wúrà fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Bàámi, ṣé nítorí wáyà àná ni?"

"Rárá. Pé wọn ò ní gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi ni mo ń sọ fún ara mi látọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọn ò gbà á. Mo parí ẹ̀. Ní báyìí, mo lè gbé e sílẹ̀ fúnra mi."

Fọláránmi yí ojú sí Wúrà, ó ń retí èsì.

"Mi ò ní dá lọ sí Itagunmodi," Wúrà wí.

"Ta ló ní kí o dá lọ? Wá àga kan fún mi, tó lẹ́yìn. Màá máa wò ọ́."

"Ẹ ò ní bú mi?"

"Màá bú ọ díẹ̀."

"Mo gbà," Wúrà sọ fún Fọláránmi.

Wáyà tó ṣẹ́kù wà nílẹ̀ pálọ̀. Barnabas bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú orí rẹ̀, ó ń ká a mọ́ ìgúnpá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Ó ń ká a lọ.