Yàrá Kìíní Orí Dígí

Láti òwúrọ̀ ni ara Sèínábù ti ń yá gágá. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Kambolé, tí àrùn sì pa ewúrẹ́ bàbá yín tán lójú yín, ẹ̀yin náà ò ní lè jókòó. Òun àti Dúrósinmí, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ nílé àyẹ̀wò kékeré kan ní Sokodé, ti gbin sẹ́ẹ̀lì ewúrẹ́ sórí dígí pẹlẹbẹ oníyàrá mẹ́rin. Wọ́n fi àrùn náà sí yàrá méjì, wọ́n dá méjì sí. Omi tí wọ́n bù sí i lẹ́yìn náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá àrùn rí, kó lẹ̀ mọ́ ọn, kó sì tàn bí ewé tútù lábẹ́ awò ńlá tó ń fi ohun tójú ò rí hàn. Tó bá tàn níbi tó yẹ, awò náà á dúró ní Sokodé. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Màdáàmù Bísí, ọ̀gá tó ti Lomé wá, á gbé e padà lónìí.

Wọ́n ti yọ ògiri àwọn yàrá náà kúrò. Sèínábù ń ti dígí lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń pe yàrá kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kàn án, Màdáàmù tẹjú mọ́ awò.

"Ìkíní àti ìkejì ṣú," ni Màdáàmù wí. "Ìkẹta àti ìkẹrin ló ń tàn. À l'envers ni, ó dorí kodò. Ibi tí kò sí àrùn lẹ ti rí i."

Sèínábù wo Dúrósinmí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó da ọbẹ̀ nù. Ìgbà tí òun lọ kí àwọn ará ilé, ṣebí òun fóònù sí i láti Tchamba, lójú ọ̀nà Kambolé, pé kó fi àrùn sí yàrá kìíní àti ìkejì?

"Dúrósinmí, ọwọ́ ibo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ọwọ́ òsì. Ṣé ibòmíràn wà téèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni?"

Kí Sèínábù tó mọ ìwé Faransé ló ti mọ wàláà ilé-kéú, níbi tí ọ̀tún ti máa ń ṣíwájú òsì. Ọmọ ìjọ Àgùdà yìí ò sì ka nǹkan kan láti ọ̀tún rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màdáàmù, ọwọ́ ọ̀tún lèmi ti ń kà á. Ìkẹrin tèmi ni ìkíní tiẹ̀."

Màdáàmù gba dígí náà, ó tì í fúnra rẹ̀, láti òsì: ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀, òkùnkùn, òkùnkùn. Inú Sèínábù dùn débi pé ó ti di mọ́ Dúrósinmí kó tó rántí pé kì í ṣe ọkọ òun.

"Awò yìí ò lọ sí Lomé mọ́," ni Màdáàmù wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan dígí mìíràn, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò síbi tí ẹ ó ti máa ka ení."